Ọkọ Mi Mọ Òfin Títì Dáadáa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọkọ mi kò mọ òfin títì. Ó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá jí i lójú oorun, tí ẹ bi í pé ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kọjá níbi tí títì méjì ti pàdé, yóò dáhùn kó tó rántí orúkọ ara rẹ̀. Òun ló ń kọ́ gbogbo àdúgbò wa ní Kakuri ní òfin náà, bí wọ́n bèèrè o, bí wọn kò bèèrè o. Ohun kan ṣoṣo tó kù kó ṣe pẹ̀lú òfin ọ̀hún ni kó pa á mọ́, ìyẹn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jọ ọ́ lójú.

Bàbá Ìbejì ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ìbejì la fi bẹ̀rẹ̀ ọmọ bíbí. Ọmọ Èkó ni, akọ̀wé àgbà sì ni ní ilé-iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó kan. Èmi wá láti ìhà Kàbbà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ìjọ. Nígbà tí a gba òmìnira tán, tí òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé, ó ta ọkọ̀ rẹ̀ fún ọkọ mi: ọkọ̀ kékeré dúdú kan tó rí roboto bí ìjàpá. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi kò ti fẹsẹ̀ rìn mọ́. Kódà bó bá fẹ́ ra búrẹ́dì ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, níbi tí ewúrẹ́ ń fẹsẹ̀ rìn lọ tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ọkọ̀ ni yóò gbé.

Kí n má sì purọ́ mọ́ ọn, òun nìkan kọ́. Kaduna ìgbà náà, ìlú tí ìjọba fi okùn wọ̀n ni. Títì gbòòrò, igi tò lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ṣe ráńdábáòtù ńlá ńlá, wọ́n gbin òdòdó sí i. Àwọn dírẹ́bà wa kò kórìíra òdòdó náà. Ọ̀nà tó bá yá jù ni wọ́n kàn ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Apá òsì la ń gbà wakọ̀ nígbà yẹn, bí òyìnbó ṣe fi lélẹ̀, ṣùgbọ́n dírẹ́bà lọ́rì tó bá ti Kano bọ̀ gbà pé àárín títì ni Ọlọ́run dá mọ́ òun. Òfin ní kí awakọ̀ na ọwọ́ síta kó tó yà. Wọ́n ń nà án. Ẹni tó na ọwọ́ lè fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ó lè máa wò ó bóyá òjò ti ń kán, ó sì lè jẹ́ pé oníṣu kan ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ń dá a dúró. Ìwọ tí o wà lẹ́yìn ni kó o fi ọgbọ́n orí rẹ mú ọ̀kan. Òfin ní kí kẹ̀kẹ́ ní iná bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Orin ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń kọ dípò iná. Bí o bá gbọ́ orin Hausa tó ń bọ̀ nínú òkùnkùn, yà fún un, kẹ̀kẹ́ ni. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nìkan ló ń gba apá tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kò sì sí ẹni tó fún un ní láísẹ́ńsì.

Gbogbo èyí ń bí ọkọ mi nínú púpọ̀. Bó bá ti jókòó sídìí ọkọ̀ báyìí ni ìwàásù bẹ̀rẹ̀. "Ẹ wo òpè yẹn! Ó ń sáré kọjá lára ọkọ̀ ẹlòmíì ní kọ́nà!" Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, òun náà ti ń sáré kọjá lára ẹni tó ń bú, ní kọ́nà kan náà, kó lè rí ojú rẹ̀ bú dáadáa. Bó bá dé ibi tí pátákó wà pé kí ọkọ̀ dúró, yóò ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó náà sókè ketekete, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò dá ṣáká, yóò sì kọjá. Níwájú ọsibítù tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má fun fèrè, fèrè ló máa ń fun sí ẹni tó bá ń fun fèrè, kí onítọ̀hún lè mọ̀ pé òfin lòdì sí i.

Bí mo bá ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin náà kò mà dúró o," èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, àwọn tí kò mọ ọkọ̀ wà ni wọ́n ṣe òfin yẹn fún. Ní Èkó, bí ọ̀nà bá ṣófo tí èèyàn bá dúró, dìndìnrìn ni wọ́n ń pè é."

N kò tíì dé Èkó rí nígbà náà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jiyàn?

Báyìí ni òkìkí ìmọ̀ rẹ̀ ṣe kan gbogbo ìjọ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, ó dá apá. Àlùfáà wa, tí kò tíì bá ọkọ mi wọ ọkọ̀ rí, wá rò ó pé ó yẹ kí ẹnìkan kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìgbọràn sí òfin títì. Ta ló tún kù? Ó ní kí Bàbá Ìbejì wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, ilé wa di títì. Ọkọ mi ń rìn láàárín pálọ̀, ó ń na ọwọ́ ọ̀tún, ó ń fì í, ó ń ká a wálé, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó ní kí n dúró síbi ìlẹ̀kùn kí n ṣe bí lọ́rì. Mo ṣe bí lọ́rì. Ó ní n kò ṣe é dáadáa, pé lọ́rì kì í gbé ọmọ pọ̀n.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Àwọn ìyá akọrin kan wà ní Kakuri tí wọ́n máa ń bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ìgboro. Èèyàn mẹ́rin ni òyìnbó ṣe ọkọ̀ yẹn fún, ìyẹn èèyàn mẹ́rin tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òyìnbó. Èmi jókòó síwájú pẹ̀lú òkìtì ìwé orin lórí itan mi. Àwọn ìyá akọrin, pẹ̀lú aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kọrin, kún ẹ̀yìn débi pé ìlẹ̀kùn kò ṣeé tì àfi ìgbà tí gbogbo wọn jùmọ̀ mí èémí síta. Ọkọ mi bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá. Ara ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí gan-an nìyẹn, ewu tó wà nínú kí ọkọ̀ kún àkúnjù." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé lọ́fẹ̀ẹ́ kì í jiyàn.

A ti pẹ́, nítorí táì tó so mọ́ ọrùn kò tètè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó wá ń sáré. Nígbà tí a dé ibi tí ojú irin ti gé títì kọjá, mo rí bàbá Hausa àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ó ti yọ àsíá pupa, ó sì ti ń sọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà kalẹ̀. Àwọn èèyàn ti dúró: oníkẹ̀kẹ́ mélòó kan, obìnrin tó ru wàrà, àti ọlọ́pàá títì kan, ọ̀dọ́, tó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Apá ẹ̀wù rẹ̀ funfun báláú.

"Bàbá Ìbejì, ọ̀pá ń bọ̀ o."

"Mo rí i."

"Ó ti ń wálẹ̀."

"Kò tíì pinnu," ni ọkọ mi wí, ó sì tẹ iná mọ́ ọn.

A gba abẹ́ ọ̀pá náà kọjá. Mo gbọ́ tí ó ha òrùlé ọkọ̀ kẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tó wà ní òdìkejì ti wálẹ̀ pátápátá. Ìyẹn ti pinnu. Ọkọ mi tẹ bíréèkì, ọkọ̀ fò lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì kú. Ojú irin gan-an ni a dúró sí.

"Kai! Kai! Jirgi yana zuwa!" Bàbá àgbàlagbà náà ń ké pé ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀, bí ẹni pé a kò rí i. A rí i. Ọkọ̀ ẹrù ni, ó ti ibùdó ńlá bọ̀, kò yára, èéfín rẹ̀ ń gòkè jẹ́ẹ́jẹ́. Àìyára rẹ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí ó dà bí ẹni tó mọ̀ pé a kò ní lọ síbì kankan. Ọkọ mi ń yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́. Lẹ́yìn, ìyá kan bẹ̀rẹ̀ àdúrà, èkejì ní kó dákẹ́ kó ṣí ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn kò sì ṣí, torí ìbẹ̀rù ti mú kí gbogbo wọn fa èémí sínú.

Mo mọ ìgbà tí ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Díẹ̀ ni, bí ìgbà tí olóǹgbò bá ń hanrun lábẹ́ àga. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ọ̀run, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé n kò sọ fún aládùúgbò tó ń bá wa wo ìbejì níbi tí mo gbé ògì wọn sí.

Ọlọ́pàá yẹn ló gbà wá. Ó ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nù, ó bẹ́ kọjá ọ̀pá, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn yọ bí ẹni fa eyín. "Ku fito! Ku fito!" Kí a jáde. Àwọn ìyá akọrin ya jáde lérí ara wọn. Bàbá àgbàlagbà gbé ọ̀pá iwájú sókè. Gbogbo wa bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, aṣọ funfun, bàtà gíga, ọlọ́pàá láàárín wa, a ń tì í, a ń ké. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ọkọ mi jókòó sínú rẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírí, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún síta láti fi han àwọn tó wà lójú ọ̀nà pé òun fẹ́ lọ. Mo fi ojú ara mi rí i. N kò lè gbàgbé ọwọ́ yẹn láé.

Ọkọ̀ ẹrù náà kọjá lẹ́yìn wa. Atẹ́gùn rẹ̀ ṣí fìlà lórí ìyá kan, ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà sì yọrí síta, ó bú wa ní èdè kan tí n kò mọ̀, ṣùgbọ́n tó yé mi. Ìyá tó ń gbàdúrà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ.

Ọkọ mi sọ̀kalẹ̀. Ó tún táì rẹ̀ ṣe. Ó sọ fún ọlọ́pàá náà ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ẹ ṣé o, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ mọ iṣẹ́ yín. A ó máa lọ báyìí, wọ́n ń dúró dè mí."

Ọmọkùnrin náà kò tíì rí èémí mí. Òróró ọkọ̀ ti ba apá ẹ̀wù rẹ̀ funfun jẹ́. "Haba, Malam!" ni ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè láísẹ́ńsì. Láísẹ́ńsì wà nílé, nínú àpò kóòtù kejì. Ó bojú wo àwọn ìyá akọrin, ó kà wọ́n, ó tún wo ọkọ̀ náà, ó tún wọn kà. Ó wá béèrè níbi tí a ń sáré lọ tó bẹ́ẹ̀.

"Mo fẹ́ lọ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní òfin títì," ni ọkọ mi wí.

Ọlọ́pàá náà wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"To," ó ní, "zan ji." Òun náà yóò wá gbọ́.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì jí, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé wa dé ìgboro. Ní ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti ra ọkọ̀ náà, ọkọ mi wà á débi pé kẹ̀kẹ́ ló ń dúró dè wá. Ó dúró ní gbogbo ibi tí wọ́n ní kí ọkọ̀ dúró. Ó yí ráńdábáòtù ká tán pátá. Ìyá kan lẹ́yìn ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òdòdó wà ní apá ibẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà dùn. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń na ọwọ́, ó kọ́ wọn ní ìtumọ̀ gbogbo pátákó. Ọlọ́pàá náà dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ó fi fìlà sábẹ́ abíyá. Ìjọ wa rò pé ìjọba ló rán an wá bọlá fún wọn, wọ́n gbé àga fún un. Nígbà tí ọkọ mi ní, "Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí i tí ọ̀pá ojú irin ń wálẹ̀, ẹ dúró," ìyá tó jókòó sínú eruku lẹ́ẹ̀kan dáhùn "Àmín!" tó gbọn páànù òrùlé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọlọ́pàá náà pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú. Ìgbà tí àtẹ́wọ́ parí ló rìn wá síwájú, ó sọ fún un ọjọ́ tí yóò fara hàn ní kọ́ọ̀tù.

Ẹlòmíì ìbá gbà pé òun jẹ̀bi, kó tọrọ àánú. Ọkọ mi kọ̀. Ó ní irọ́ ni wọ́n pa mọ́ òun, pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀ nígbà tí òun wọ̀ ọ́. Ó sì ní òun ní ẹlẹ́rìí. Mo béèrè ẹni tí ẹlẹ́rìí náà í ṣe.

"Ìwọ ni. O kàn máa sọ pé ọ̀pá wà lókè."

"Ṣùgbọ́n kò sí lókè, Bàbá Ìbejì."

"Ó wà lókè díẹ̀."

"Ohun tó wà lókè díẹ̀, ó ti wà nílẹ̀ díẹ̀ nìyẹn."

"Ṣé ìwọ tún ni tíṣà nínú ilé yìí náà ni?"

N kò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ lónìí. Nígbà náà, mo ń wò ó pé bí mo bá sọ òótọ́, mo ta ọkọ mi, bí mo bá purọ́, Bíbélì ni màá fi ọwọ́ mú purọ́ ọ̀hún. Ìyá mi kò kọ́ mi ní èyí tó sàn nínú méjèèjì.

Ní kọ́ọ̀tù, ojú mi rí ohun tí dírẹ́bà Kaduna lè fi ṣe àwíjàre. Ẹnìkan wà tí lọ́rì rẹ̀ kò níná. Ó ní òṣùpá wà. Onítaksí kan dá ọkọ̀ dúró sí àárín títì, ó sọ̀kalẹ̀, títì dí; ó ní àna òun lòun rí, pé kò sí bí òun ṣe lè kí àna láti inú ọkọ̀. Adájọ́, ọkùnrin kan tó sanra tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, béèrè bóyá àna náà kò lè wá sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ọkùnrin náà fi ìyanu wo adájọ́. Kí àna wá bá òun?

Wọ́n pe ọkọ mi. Ó wọ kóòtù, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ìrù tó ní ìwo. Wọ́n wá pe èmi. Mo gbé Bíbélì lọ́wọ́, mo búra. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

"Madam," ni adájọ́ wí, "ṣé ọ̀pá náà wà lókè?"

Mo tún mọ ìgbọ̀nrìrì kékeré yẹn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, nínú kọ́ọ̀tù tí kò sí ojú irin kankan nítòsí rẹ̀.

"Ó ń bọ̀ wálẹ̀, sà."

"O sọ fún ọkọ rẹ?"

"Mo sọ fún un, sà."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní kò tíì pinnu."

Adájọ́ gbójú sókè. "Ta ni kò tíì pinnu? Ọkọ rẹ ni tàbí ọ̀pá náà?"

"Ọ̀pá náà ni, sà. Ọkọ mi ti pinnu tirẹ̀."

N kò sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n gbogbo kọ́ọ̀tù bú sẹ́rìn-ín, onítaksí aláàna lu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ itan, ọlọ́pàá tó gbà wá sì yí ojú sí ògiri. Adájọ́ dúró títí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀. Ó bu owó ìtanràn lé ọkọ mi, ó sì gba láísẹ́ńsì rẹ̀ títí di àkókò tí àwọn àgbẹ̀ máa ń kórè ọkà bàbà. Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà kò tíì rọ̀.

Ilé wa wá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọkọ mi kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ìbejì ló ń rán sí mi, àwọn ìbejì tí wọn kò tíì lè pe "màmá" já gaara. "Ẹ bá mi sọ fún ìyá yín pé ọbẹ̀ yìí kò níyọ̀." Èmi náà á ní, "Ẹ bá mi sọ fún bàbá yín pé iyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ wọn." Àwọn ọmọ náà á máa wo òun, wọ́n á máa wo èmi. Bàbá àgbà tó jẹ́ olórí àwa Yorùbá ní Kakuri wá pẹ̀tù sọ́rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ọkọ ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń jẹ́rìí takò." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bíbélì ńkọ́?" Bàbá rò ó títí, ó sì ní kí n fún òun lómi mu.

Ọkọ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò. Adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ọkọ mi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ọlọ́pàá sì mú un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò níná. Orin ìjọ ló ń kọ.

Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ẹ̀gbá, ń gbé òdìkejì ilé wa. Sista la ń pè é. Ó ní ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì ń wà á fúnra rẹ̀, ohun tó mú kí àwọn kan ní Kakuri máa sá sẹ́yìn ògiri bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kọ lu ẹnikẹ́ni rí. Ó bojú wo abẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ kan.

"Ìyá Ìbejì, ṣé adìẹ lẹ fẹ́ kó máa wà á ni?"

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà eléruku tó lọ sí Mahuta ló mú mi lọ, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi oko àti àwọn tó ń roko. Lẹ́tà pupa wà níwájú ọkọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, láti fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Àwọn àgbẹ̀ á fi ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n á nàró wò wá títí a ó fi kọjá, wọ́n á sì kí wa kú iṣẹ́, nítorí ó jọ pé iṣẹ́ tiwa le ju tiwọn lọ.

Nígbà tí ọkọ mi gbọ́, ó gbàgbé pé òun kì í bá mi sọ̀rọ̀. "Bí obìnrin bá ń wa ọkọ̀ ọkọ rẹ̀, kí ni ọkọ yóò wá máa wà?"

"Ọkọ yóò máa gun kẹ̀kẹ́," ni mo wí, mo sì bu oúnjẹ fún un. A rẹ́rìn-ín, kò dénú, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí níyọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀gá tó ń dán awakọ̀ wò jókòó tì mí, mo kùnà. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo dúró. A dé ibi pátákó, mo dúró, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ọkọ̀ kan ń bọ̀ lókèèrè, mo ní kó kọjá. Lọ́rì kan dé ẹ̀yìn wa, ó fun fèrè. Òmíràn dé. Dírẹ́bà àkọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ó wá kí mi, ó béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì ló kú. Kí n tó dáhùn, àwọn tí kò níṣẹ́ ti bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ wa láti tì í. Ẹnìkan ti ń wá bí yóò ṣe ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó rò ó pé ọkọ̀ tó yè lè dúró síbi tí wọ́n ní kó dúró sí.

"Madam, ẹ lọ!" ni ọ̀gá náà ké.

"Sà, ọkọ̀ kan ń bọ̀."

"Ọkọ̀ yẹn ṣì wà ní Zaria!"

Ó ní mo dí ọ̀nà mọ́ aráàlú. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ṣe bí gbogbo èèyàn díẹ̀, mo sì yege.

Ọkà bàbà gbó, wọ́n kórè rẹ̀, ọkọ mi gba láísẹ́ńsì rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí a fẹ́ lọ sí ìgbéyàwó ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní Zaria, mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó gbà á, ó ń yí i lọ́wọ́, ó wo ọkọ̀ náà, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó jókòó sẹ́yìn bí ọ̀gá ńlá, ó ṣí ìwé ìròyìn bo ojú. Láti ibẹ̀ ló ti ń kọ́ mi: "Na ọwọ́. Wo dígí. Dín in kù. Lọ. Èé ṣe tí o ń lọ?"

A ti rìn jìnnà díẹ̀ sí ìlú nígbà tí lọ́rì méjì yọ ní kọ́nà níwájú wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ọ̀rẹ́ tó ń lọ sí oko. Ọ̀kan wà ní apá tirẹ̀, èkejì wà ní apá tiwa. N kò ronú. Mo yí ọwọ́ ọkọ̀ sósì, a já wọ inú koríko, a gun ebè ẹ̀pà kan, òmíràn, òmíràn, a dúró. Lọ́rì kọjá, eruku bò wá, òkúta ń lu ara ọkọ̀.

Ohùn kan dún lẹ́yìn mi. N kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

"Ìyá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín?"

Ẹ! Láti ìgbà tí ó ti fẹ́ mi, "ìwọ" ni mí. Èmi ni mo ń sọ "ẹ" fún un, bí ó ti yẹ, bí ìyá mi ṣe ń sọ ọ́ fún bàbá mi. Mo wo dígí. Ìwé ìròyìn ti bọ́ sílẹ̀. Ó ń wo orí mi láti ẹ̀yìn bí ẹni pé ó fẹ́ kà á bóyá ó ṣì wà lórí ọrùn.

"Kò sí nǹkan, Bàbá Ìbejì. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó sọ̀kalẹ̀, ó rìn yí ọkọ̀ náà ká, ó fi ọwọ́ kan táyà kọ̀ọ̀kan. Ó fara ti igi kan fún ìgbà díẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo retí kó bú dírẹ́bà lọ́rì náà, kó ka òfin tó rú lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe. Kò sọ nǹkan kan. Àgbẹ̀ tó ni ẹ̀pà ti ń bọ̀ láti òkèèrè. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló lọ pàdé rẹ̀, ó tẹrí ba, ó bẹ̀ ẹ́ ní Hausa rẹ̀ tó wọ́, ó sì bá a tún ebè kan ṣe pẹ̀lú ọwọ́ àti bàtà ìgbéyàwó rẹ̀.

Nígbà tó padà dé, ìlẹ̀kùn iwájú ló ṣí. Ó jókòó tì mí. Ó yọjú síta, ó wo ọ̀nà síwá sẹ́yìn títí. "Kò sí ẹni tó ń bọ̀," ó ní. "Máa lọ."

Mo ti di "ìwọ" padà kí a tó dé Zaria. Ṣùgbọ́n iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló ń jókòó sí láti ọjọ́ náà, títí a fi kúrò ní Kaduna.